Àpótí Irin Inú Pálọ̀ Màmá Mi

Mo kórìíra rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ohun aláìlẹ́mìí kò ṣe é kórìíra, ẹni náà kò tíì bá irú kọ̀ǹpútà tí àbúrò mi ọkùnrin fi ránṣẹ́ láti Kánádà gbé rí.

Láàpútọ́ọ̀pù ni mo ní kó fi ránṣẹ́ sí mi. Mo sọ ọ́ lórí fóònù, mo tún kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo ní irú èyí tí èèyàn lè ṣí lórí itan, tó ní bátìrì, nítorí ẹni tó bá ń gbé Ìkẹ́rẹ́ mọ irú iná tí òun ń bá fà á. Ó ní òun gbọ́. Obìnrin kan tó ń bọ̀ wálé wá sìnkú bàbá rẹ̀ ló bá a gbé e wá, ó dì í sáàárín aṣọ nínú báàgì rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, àpótí irin dúdú kan ni mo rí, kò tóbi ju búrẹ́dì odindi kan lọ. Kò lójú, kò ní bátìrì, kò ní ibi tí èèyàn ń tẹ lẹ́tà sí.

Àbúrò mi pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá ló wà nínú rẹ̀. Ṣé ẹ rí i bó ṣe kéré? Ẹ lè gbé e lọ síbikíbi tó bá wù yín."

Mo bi í pé ojú tí mo máa fi wo ohun tí mo bá ń kọ ńkọ́. Ó ní kí n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nínú ilé wa, pálọ̀ màmá mi ló sì wà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pẹ́ kúrò nílé, ilé wo ló fẹ́ wò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé náà ṣe rí. Bàbá wa ló fi sílẹ̀ fún wa, èmi àti màmá mi la sì ń gbé inú rẹ̀ látìgbà tí bàbá ti kú. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nínú ìlú, èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Mi ò lọ́kọ, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dun àdúgbò ju bó ṣe ń dun èmi alára lọ. Èmi ni àkọ́bí màmá mi, ṣùgbọ́n orúkọ àbúrò mi ni gbogbo ọjà fi ń pè é. Wọ́n á ní, "Ìyá Lágbájá, ẹ kú ọjà o," Lágbájá yìí kì í sì í ṣe èmi. Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dàgbà, mo rò pé mi ò ní máa gbọ́ ọ mọ́, àmọ́ mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ohun tó mú mi tọrọ láàpútọ́ọ̀pù ni ìwé tí mò ń kọ láti fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Orin tí àwọn obìnrin Ìsẹ̀ àti Emùré máa ń kọ nídìí ààrò gàrí ni mò ń ṣèwádìí lé lórí, Yorùbá ni mo sì fi ń kọ ọ́. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Yunifásítì tí mo ti ń ṣe é ti kọ̀wé sí mi pé bí sáà ẹ̀kọ́ yẹn bá fi parí láìjẹ́ pé mo kó ìwé sílẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ mi. Ẹni tí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀, ibi tó bá dé lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gíga ló máa wà títí ó fi máa fẹ̀yìn tì. Gbogbo ìyókù ayé mi ló so rọ̀ mọ́ ìwé yẹn, àpótí irin àbúrò mi ló sì gbé e mì.

Àpótí yìí ní ìwà. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ojú ò tó. Èèyàn á bẹ̀rẹ̀, á máa fọwọ́ wá a kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó gbọ́dọ̀ wà ní ìnàró. Bí mo bá fi í lélẹ̀ ní ìbúlẹ̀, ara rẹ̀ á gbóná, á sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Bí mo bá gbé e nàró, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn pálọ̀ gbàgà á bì í lulẹ̀. Ihò fíláàṣì méjì ló ní, ọ̀kan kú nígbà ọyẹ́ tó kọ́kọ́ bá a nílé wa, ìkejì ni mo fi ki okùn ohun tí mo fi ń tẹ̀wé bọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé ṣé mi ò ní fíláàṣì ni. Mo ní. Ṣùgbọ́n kí n tó lè kó iṣẹ́ sí i, mo ní láti yọ ohun ìtẹ̀wé, kí n wá máa fi máòsì aláìlókùn tí kò gbọ́ràn wá gbogbo nǹkan kiri. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń ṣe é.

Ó tún ń gbé èèyàn. Bí èèyàn bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, tó sì fọwọ́ kan irin rẹ̀, iná á ta á gìrì. Ẹni tó ń tún iná ṣe sọ pé ilé wa kò ní wáyà tó wọ ilẹ̀, pé òun á wá ṣe é, kò sì wá títí di òní. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi sílípáàsì rọ́bà kan sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ fún kọ̀ǹpútà. Àlejò tó bá wọlé, tó bọ́ bàtà tirẹ̀ síta gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí, àwa la máa ń sáré sọ pé kó wọ bàtà.

Èyí tó burú jù ni orí rẹ̀. Wọ́n dá orí rẹ̀ lu bí asẹ́, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Àbúrò mi kìlọ̀ pé nǹkan kan kò gbọdọ̀ jókòó lórí ibẹ̀. Ẹ wá sọ ìyẹn fún ìyá ará Èkìtì tó ní aṣọ kírósè. Gbogbo ohun tó bá ń lo iná nínú ilé wa ló ní aṣọ tirẹ̀ tí màmá mi fi ọwọ́ hun: rédíò ní tirẹ̀, fìríìjì ní tirẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí mo fi dé láti ibi iṣẹ́ tí mo bá aṣọ funfun olódòdó lórí kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú fọ́tò àbúrò mi lórí rẹ̀. Mo ká a kúrò. Lọ́jọ́ kejì ó tún wà níbẹ̀.

"Ọmọ mi ló fọọ́ ara rẹ̀ ṣe é," màmá mi ní. "Ṣé ká wá fi í sí ìhòòhò ni?"

Mo ní ara rẹ̀ ló ń gbóná. Ó ní ara ta ni kì í gbóná. Ìjà aṣọ yìí pẹ́ kó tó tán, nígbà tó sì tán, kì í ṣe pé ó gbà fún mi, àbúrò mi ló bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohun tí mo ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí, òun sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì di òfin.

Nítorí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ojú màmá mi ni mo ti ń kọ gbogbo ìwé náà. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́, màá wọ sílípáàsì, màá bẹ̀rẹ̀, màá fọwọ́ wá bọ́tìnnì, màmá mi á sì pa ètò tó bá ń wò tì. Kì í kúrò lórí àga. Ó mọ Yorùbá kà dáadáa nítorí Bíbélì, nítorí náà ó máa ń ka ìwé mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n, lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà. Òun náà ti yan gàrí rí. Gàrí ló fi rán àwa méjèèjì níwèé.

"Urọ́ ni," á ní láti ẹ̀yìn mi. "A kì í kọ orin yẹn bẹ́ẹ̀."

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Emùré ni mò ń sọ."

"Kí ni ará Emùré mọ̀ nípa gàrí?"

Ẹ máa rò pé ó dùn. Kò dùn. Ẹni tó bá ń kọ ìwé fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa jókòó bẹ́ẹ̀ tí mi ò ní kọ nǹkan kan, tí mo máa gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi, tí faanu àpótí náà á máa han létí mi bí ẹ̀fọn, inú á sì máa bí mi sí àwọn méjèèjì.

Bí àsìkò ṣe ń sún mọ́lé, mo kìlọ̀ fún un nípa ohun kan. Mo ní kó má gbé ọ̀rọ̀ ìwé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo mọ àwọn obìnrin ìjọ wa. Wọ́n á máa mi orí, wọ́n á ní ó ṣe, èyí tí kò rílé ọkọ lọ yìí, ìwé náà tún ń dà á láàmú. Mi ò fẹ́ àánú wọn. Màmá mi ní òun gbọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe ìsọjí lọ́sẹ̀ yẹn. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyí: bí èèyàn bá fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún ẹni tí kò sí níbẹ̀, á mú ohun kan tó jẹ́ ti ẹni náà wá, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára rẹ̀. Àwọn èèyàn á gbé ṣẹ́ẹ̀tì wá, bàtà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, fìlà. Wọ́n á tò ó síwájú pẹpẹ, àlùfáà á sì ta òróró sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí ẹni tó gbé àdá ọkọ rẹ̀ wá rí.

Lọ́jọ́ náà, mo lọ sí Emùré láti bá ìyá arúgbó kan tún orin kan gbọ́ fún orí karùn-ún, èyí tó gbẹ̀yìn ìwé mi. Ó kù díẹ̀ kí n parí rẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo wọ sílípáàsì, mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́. Ọwọ́ mi kan ilẹ̀ lásán. Wáyà ń rọ̀ lára ògiri, tẹlifíṣọ̀n wà níbẹ̀, fìríìjì wà níbẹ̀. Àpótí náà ni kò sí.

Mo figbe ta. Mo rò pé olè ni. Mo sáré jáde, mo ń bi gbogbo àdúgbò bóyá wọ́n rí ẹni tó wọlé wa. Ẹnikẹ́ni kò rí nǹkan kan. Bí mo ṣe dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ lórí ni ọ̀kadà kan yọ láti ìsàlẹ̀. Màmá mi ló jókòó lẹ́yìn rẹ̀, nínú aṣọ funfun, ó pọn nǹkan kan sẹ́yìn. Ó fi ọ̀já gbà á dáadáa, ó tún da ìborùn bò ó nítorí eruku. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ọmọ ọwọ́ ló wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mi ni.

Mi ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ tán. Mo tú ọ̀já, mo gbé àpótí náà, ó sì yọ̀ lọ́wọ́ mi. Òróró ni. Ó ń kán láti abẹ́ rẹ̀, láti ibi bọ́tìnnì.

"Kí lẹ ṣe sí i?"

"Àlùfáà ló ta òróró sí i," ó ní. "Ó rí àwọn ihò orí rẹ̀, ó ní kó wọ unú lọ."

Àwọn ohun tí mo sọ lójú títì yẹn, mo rántí wọn, mi ò sì ní kọ gbogbo wọn síbí. Mo ní ó gbé iṣẹ́ mi lọ fún wọn láti fi gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Mo ní torí pé ọwọ́ Lágbájá ló tò ó, ìyẹn ló ṣe dà bíi pé Lágbájá ló wà níbẹ̀, pé èmi tí mò ń fọṣọ fún un, tí mò ń gbé e lọ sí ọsibítù, èmi ni kò rí. Mo ní kó lọ bá a gbé ní Kánádà nígbà náà. Ọlọ́kadà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọ̀já rẹ̀.

"Má bínú, ọmọ mi," ló sọ, ó sì wọlé.

Mo dorí àpótí náà kodò sínú oòrùn títí òróró fi dáwọ́ dúró. Mo tàn án. Faanu rẹ̀ yí díẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí omi há lọ́fun, lẹ́yìn náà pálọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ìgbà tí èèyàn ń din àkàrà. Èéfín jáde lórí. Ojú tẹlifíṣọ̀n di aláwọ̀ búlúù gbalaja. Ó parí.

Mo pe àbúrò mi. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Mo gbọ́ ọ ketekete, mi ò sì ní gbàgbé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ipá ṣí i, pé orí àwọn skúrúù rẹ̀ kò dà bí ti ìyókù, pé ọwọ́ òun ni ohun tí wọ́n fi ń tú u wà, òun á wá ẹni tó ń bọ̀ nílé fi í rán.

Mo pa fóònù, mo lọ mú àdá. Mo ki ẹnu àdá bọ àárín irin, mo sì fà á ya. Mo sọ òótọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Irin náà dún, ó tẹ̀, ó ya bí páálí. Nínú, gbogbo nǹkan ló há mọ́ra wọn, kò sí àyè tí ìka lè gbà. Ibi tí àbúrò mi sì fi ohun tó ń tọ́jú iṣẹ́ sí ni abẹ́ àwọn ihò orí gan-an, ó dojú rẹ̀ kọ òkè, bí abọ́ tí wọ́n gbé sábẹ́ òrùlé tó ń jò. Mo gbé e lọ sí Adó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó dá a padà fún mi, ó ní ó ti jóná. Orí mẹ́rin ló wà nínú fíláàṣì mi. Orí karùn-ún ti lọ.

Alábòójútó mi bẹ̀ wọ́n ní yunifásítì. Wọ́n fún mi ní ìgbà díẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìwé tí ojú rẹ̀ le. Mo yá láàpútọ́ọ̀pù lọ́wọ́ ẹnì kan ní ibi iṣẹ́, mo sì ń tún orí karùn-ún kọ nínú yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Èmi àti màmá mi ń kí ara wa láàárọ̀, mò ń gbé oúnjẹ fún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti lè wo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bó ṣe wù ú, kì í sì í tàn án.

Bó ṣe rí nìyẹn títí olórí àwọn obìnrin aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì wa fi wá kí wa. Èmi ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ìwé yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti parí?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tí màmá yín pọ̀n wá fún àdúrà."

Mo ní wọn ò sọ fún un dáadáa, pé àbúrò mi ni wọ́n gbé àpótí wá fún. Obìnrin náà wò mí.

"Àbúrò yín kẹ̀? A bi wọ́n pé ta la máa dárúkọ, orúkọ yín ni wọ́n dá. Àlùfáà gan-an ní ṣé kì í ṣe ti ará Kánádà ni. Wọ́n ní, 'Ọkùnrin ti lọ, Ọlọ́un ti là á lọ́nà. Obìnrin kó ń bá mi gbé ni kí ẹ bá mi bẹ̀bẹ̀ fún. Ọọ́ rẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan yìí. Kó parí uwé rẹ̀, kó lè fi mí sílẹ̀ lọ.' Wọ́n ní ká má jẹ́ kí ẹ gbọ́."

Mo fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ bá màmá mi, níbi tó ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo dúró lórí rẹ̀. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ kí n bú u lójú títì láìsọ nǹkan kan.

"Ùwọ ló ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì," ó ní, kò gbójú sókè. "Mo sì ti sọ ọ́."

"Ẹ fẹ́ kí n lọ?"

"Mi ò lé ọ." Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí kúrò lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, ta ni ùwọ a máa ṣọ́?"

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Ó bí mi sí àlùfáà, ó bí mi sí àbúrò mi, ó bí mi sí òun náà pé ó fi òróró pa iṣẹ́ tó fẹ́ kí Ọlọ́run parí, àti pé odindi ọdún ló fi jókòó sẹ́yìn mi tí mi ò mọ ohun tó ń wò. Orí karùn-ún náà máa parí, mo mọ̀. Ó kù díẹ̀ báyìí.

"Ibo lẹ fẹ́ kí n lọ, Màmá?"

"Ubi kó bá wù ọ́. Ubo ló wù ọ́?"

Mo bu ẹ̀gúsí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣẹ́ ẹ. Ó ń retí ìdáhùn, mo rí i pé ó ń retí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn rí, mi ò sì mọ ibi tó wù mí.